Ọjọ́ Tí Celica Kan Wà Lọ́wọ́ Réwáyà ní Òṣíẹ̀lẹ̀

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Toyota Celica náà yà kúrò ní títì tó ti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, ó wọ abẹ́ igi tí réwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976. Ilẹ̀kùn méjì ló ní, iná iwájú rẹ̀ róbótó mẹ́rin, irú èyí tí Toyota ṣe láàárín 1993 sí 1999. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ọbańtókò ló ni ín. Ó ra epo ₦10,000 lálẹ́ àná, ọwọ́ gééjì kò sì kúrò lórí E. Ìbàdàn ló ń lọ nírọ̀lẹ́, kò sì wù ú kí epo tán mọ́ òun lọ́wọ́ láàárín Òdẹdà sí Bákàtárì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Wọ́n ní kí n lọ ra odindi dáṣíbọọ̀dù."

"Àárọ̀ ire. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Aago mẹ́jọ

Réwáyà kò tíì mú sípánà, ìbéèrè ló ń bi í. Ṣé ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́. Ìdáhùn yẹn ti yọ fúùsì kúrò nínú ẹjọ́, torí nínú Toyota ìgbà náà, fúùsì kan tí wọ́n kọ GAUGE sí ló ń gbé iná fún àwọn ọwọ́ méjèèjì. Bó bá jẹ́ òun ló jó, àwọn méjèèjì ni ì bá kú pọ̀.

"Ìgbà wo lo rọ epo kún táǹkì yìí gbẹ̀yìn?"

Ọmọkùnrin náà ronú. Kò rọ epo kún un mọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo.

Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde rẹ̀ lọ́jọ́ tó gorí àlééfà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tí kò tó ₦200 fò dé nǹkan bíi ₦500. Lọ́jọ́ tí Celica yìí dé Òṣíẹ̀lẹ̀, ó ti wà ní bíi ₦900. Lítà 60 ni táǹkì rẹ̀ ń gbà. Ìyẹn ₦54,000 kó tó kún, bẹ́ẹ̀ ₦70,000 lóṣù ni owó oṣù tó kéré jù lọ láti 2024. Ta ló ń rọ epo kún táǹkì? ₦5,000 lónìí, ₦10,000 lọ́túnla. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló máa tú ẹjọ́ náà.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀

Wọ́n gbé àga ẹ̀yìn kúrò. Irin pẹrẹsẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnu wáyà fúlótì wà lábẹ́ ìyẹn. Fúlótì náà ń léfòó lórí epo. Apá rẹ̀ ń ha orí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dí iná lọ́wọ́. Bí táǹkì bá kún, ìdíwọ́ náà kò ju bíi óòmù 3 lọ. Bó bá gbẹ, ó tó bíi 110. Bí iná ṣe ráyè kọjá tó ni ọwọ́ gééjì ṣe ń gòkè tó. Bí ọ̀nà bá wá já pátápátá, iná kankan kò kọjá, ọwọ́ á sì jókòó sórí E. Ohun kan náà ni táǹkì tó gbẹ àti wáyà tó já ń fi hàn ẹni tó wà lórí ìjókòó.

Réwáyà yọ ẹnu wáyà náà, ó fi gílóòbù kékeré kan so ihò méjèèjì pọ̀, ó ní kí ọmọkùnrin náà ṣí kọ́kọ́rọ́. Gílóòbù tàn. Ọwọ́ tó ti kú láti ọjọ́ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀. Gílóòbù yẹn ló ń dín iná kù kó má baà sun gééjì. Ẹni tó bá fi wáyà lásán so ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tó ṣì dára jẹ́.

Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo ìyókù ọjọ́ náà lọ. Gééjì dára, wáyà dára, ibi tó ti ń gba ara ọkọ̀ padà náà dára. Owó dáṣíbọọ̀dù ti yè. Inú táǹkì nìkan ló kù.

Aago mọ́kànlá

Réwáyà kò sáré ṣí táǹkì. Ó kọ́kọ́ tú orí bátìrì, ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì àti bùútù, ó sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe fọkanáísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó pa jẹnẹrétọ̀ ná. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń rọ̀ sí, ìṣáná kékeré kan sì tó o. Ó fẹ́ eruku kúrò lẹ́nu táǹkì kó tó fa fúlótì jáde.

Aago kan ọ̀sán

Àsìkò ìrun Jímọ̀ tó, iṣẹ́ dúró, ẹnu táǹkì sì wà ní dídí. Ọ̀rọ̀ gééjì mú mi rántí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Air Canada, ọjọ́ 23 oṣù Keje 1983. Gééjì epo ọkọ̀ Boeing 767 wọn kan kò ṣiṣẹ́, wọ́n wá fi ọwọ́ ṣírò. Ìwọ̀n pọ́n-ùn ni wọ́n lò níbi tó yẹ kí wọ́n ti lo kílò, epo tó wọ inú ọkọ̀ kò sì tó ìdajì ohun tó yẹ. Ó tán lójú ọ̀run. Ọ̀gá awakọ̀ òfurufú náà, Robert Pearson, fi ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú balẹ̀ ní Gimli ní Kánádà, ẹnikẹ́ni kò sì kú.

Aago méjì ààbọ̀

Réwáyà fi mítà tó ń wọn óòmù sára fúlótì, ó gbé apá rẹ̀ sókè: 3. Ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀: 20, 40, 60. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìdá mẹ́rin, mítà kò sọ ohunkóhun mọ́. Ó tún sọ̀ ọ́ sí i, 110 yọ nísàlẹ̀ pátápátá.

Ibi tí mítà ti dákẹ́ yẹn gan-an ni epo ₦10,000 máa ń dé. Láti 2023, ibẹ̀ ni apá náà ti ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ti ha ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ibẹ̀ jẹ bí ẹsẹ̀ ṣe ń jẹ koríko lójú ọ̀nà oko. Òkè kò ní àléébù kankan. Ká ní ọmọkùnrin náà rọ epo kún táǹkì ni, ọwọ́ gééjì ì bá dìde.

Ọmọkùnrin náà bèèrè bóyá kí wọ́n fi fúlótì ọkọ̀ mìíràn sí i. Rárá o. Ti General Motors ìgbà àtijọ́ máa ń jẹ́ 0 bó bá gbẹ, 90 bó bá kún; ti VDO jẹ́ 10 bó bá gbẹ, 180 bó bá kún. Òdìkejì ti Toyota làwọn méjèèjì. Táǹkì tó gbẹ ni Celica á máa pè ní kíkún, irọ́ yẹn sì burú ju ti àárọ̀ lọ.

Réwáyà nu ojú ọ̀nà náà, ó wá fi ẹnu píláyà tẹ ẹsẹ̀ tó ń ha á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, kó lè máa gba ibi tí kò tíì jẹ. Mítà bẹ̀rẹ̀ láti 3, ó dé 110 láì dákẹ́ níbì kankan.

Aago mẹ́rin ààbọ̀

Wọ́n ti dá gbogbo rẹ̀ padà, rọ́bà ẹnu táǹkì sì jẹ́ tuntun. Ọwọ́ gééjì kúrò lórí E, ó ń rọra lọ, ó dúró ní ìdá mẹ́rin.

"Má jẹ́ kó máa lọ sísàlẹ̀ ju ibí yìí lọ," ni réwáyà wí. "Inú epo ni pọ́ǹpù wà, epo ló ń tù ú. Tó o bá sì dé ọjà Ládìpọ̀ láti ra fúlótì mìíràn, gbé mítà dání. Èyí tí kò bá sọ 3 lókè, 110 nísàlẹ̀, má san owó rẹ̀."