Gẹ̀ẹ́sì Adàmọ̀dì ní Ṣómólú àti Bàrígà

Bí ẹ bá wọ ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ẹ ó bá Gẹ̀ẹ́sì méjì lórí tábìlì kan ṣoṣo. Èyí tó wà lára ìwé ìpè ìgbéyàwó wọ kóòtù, ó sì de táì. Èyí tó wà lẹ́nu oníbàárà ni, "Oga, abeg, when e go ready?" Oníbàárà lè jẹ́ Ìgbò, kí atẹ̀wé jẹ́ Ìjẹ̀bú, kí ọmọọṣẹ́ tó ń gé ìwé jẹ́ ọmọ Bìní. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnìkejì, síbẹ̀ ọjà ń tà.

Adàmọ̀dì ni a ń pe Gẹ̀ẹ́sì yìí. Àwọn olùkọ́ a ní Gẹ̀ẹ́sì tó fọ́ ni. Ṣé lóòótọ́ ló fọ́? Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Kí ọdún 1500 tó pé ni àwọn Potogí ti ń bá Bìní ṣòwò. Àwọn ló fi "sabi" àti "pikin" sílẹ̀ létí òkun wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, èdè tiwọn gorí ti Potogí. Láti nǹkan bí ọdún 1839, àwọn Sàró ń padà wálé láti Freetown, tàwọn ti èdè Kirió lẹ́nu wọn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gidi di èdè ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kọ́ ni ọjà.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní òfin tirẹ̀. "I dey go" ni "mo ń lọ." "I don chop" ni "mo ti jẹun." "I go come" ni "màá wá." Ṣé ẹ rí i? "Dey" ló jókòó síbi "ń", "don" síbi "ti". "Small small" kò sì yàtọ̀ sí "díẹ̀díẹ̀". Ọ̀dọ̀ wa ni "oga" ti wá, ọ̀dọ̀ Haúsá ni "wahala", ọ̀dọ̀ Ìgbò ni "una". "Amebo" ńkọ́? Orúkọ obìnrin olófòófó inú eré tẹlifíṣọ̀n Village Headmaster tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 ni.

Ibi tó kù sí ni ọ̀wọ̀. "You" fún bàbá, "you" fún ọmọ! Ọmọ Yorùbá kò lè gbé ìyẹn mì, ló ṣe ń fi "sa", "ma" àti "mama" lẹ̀ ẹ́.

Ní àwọn ilé Bàrígà tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ogúnlọ́gọ̀ ń bá ara wọn pín ẹnu omi kan, èdè yìí ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń parí ìjà. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá dá wọn lóhùn, wọn á ní ó ń ṣe fọ́rífọ́rí. Adàmọ̀dì ń sọ pé, "Ọ̀kan náà ni wá." Fẹlá mọ èyí, ló ṣe fi kọrin láti àwọn ọdún 1970, kí ará Accra àti Freetown lè gbọ́ ọ. 9ice àti Olamide, tí wọ́n dàgbà ládùúgbò yìí, pò ó mọ́ Yorùbá. BBC pàápàá dá ẹ̀ka ìròyìn sílẹ̀ fún un ní 2017.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní egungun nínú. Ní 1959, CMS Grammar School, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, kó wá sí Bàrígà. Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé àti ti ìgboro wá di aládùúgbò. WAEC kì í gba "I don chop" lórí ìwé ìdánwò. Ọmọ tí kò bá ní ju ti ìgboro lọ, ilẹ̀kùn púpọ̀ yóò tì mọ́ ọn lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n nà nítorí rẹ̀ kì í tipa bẹ́ẹ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Dídákẹ́ ló ń kọ́. Èyí tó tún burú ni pé pàṣán kan náà ni wọ́n fi ń lé Yorùbá jáde nínú kíláàsì.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ han ọmọ: èyí fún ìdánwò, èyí fún ìgboro, Yorùbá fún ilé. Aṣọ oko kì í ṣe aṣọ òde, ṣùgbọ́n ta ló ń torí òde sun aṣọ oko rẹ̀?