Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń bá ẹran gbélé

Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń bá ẹran gbélé ni ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ níbi tí ajá, ológbò, adìyẹ tàbí màlúù ń gbé. Èyí tó pẹ́ nínú wọn ni Astronaut, tí ilé iṣẹ́ Lely ní Netherlands gbé jáde ní 1992 láti máa fún wàrà. Ẹnikẹ́ni kì í fi okùn fa màlúù lọ síbẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀rọ ló ń pè é, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń wọlé.

Ní 2007, àwọn onímọ̀ ní Brussels fi rọ́bọ́ọ̀tì 4 sáàárín aáyán 12. Àpótí kékeré lásán ni wọ́n, wọn ò jọ aáyán rárá, àmọ́ wọ́n fi òórùn aáyán ra wọ́n lára. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà díẹ̀ ni wọ́n ní kí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì fẹ́ràn. Aáyán tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bá wọn lọ síbẹ̀ ní bí ìgbà mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Iṣẹ́ tó là wá lójú jù ni Cat Royale ti ọdún 2023, tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Blast Theory àti Yunifásítì Nottingham jọ ṣe. Ológbò mẹ́ta ń lo wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ fún ọjọ́ 12 pẹ̀lú apá irin kan tó ń bá wọn ṣeré. Ohun tó yọrí jáde ni pé apá nìkan kò tó: ó yẹ kí iyàrá ní ibi ìsápamọ́ àti pẹpẹ gíga, kí ènìyàn sì wà nítòsí tó lè dá ẹ̀rọ dúró.

Irú iyàrá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáìkò ní Èkó. Rọ́bọ́ọ̀tì ìgbálẹ̀ tí ènìyàn bá rà ní ọjà Alábá yóò bá ewúrẹ́ pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fesimífesiyú, yóò bá ìgbẹ́ adìyẹ nílẹ̀, yóò sì bá àgbébọ̀ tó ní ọmọ lẹ́yìn, èyí tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà. Bí iná bá lọ kó tó gba agbára tán, àárín ọ̀nà ni yóò kú sí. Ṣùgbọ́n irú ẹni tó ń ṣọ́ apá irin ní ti Cat Royale ti wà ní àwọn agboolé wọ̀nyí tipẹ́: ọmọ tí wọ́n ní kó jókòó ti èlùbọ́ tí wọ́n sá, kó máa lé ewúrẹ́.