Ọgbà Ọba Tí Wọ́n Fín Sórí Bàbà

Ní ààfin Versailles, lẹ́bàá Paris, Ọba Louis Kẹrìnlá ní ọgbà kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ tó fi jẹ́ pé àlejò lè sọnù níbẹ̀. André Le Nôtre ló la àwọn ọ̀nà náà. Orísun omi 39 tí wọ́n fi ère ẹranko inú àlọ́ Aesop ṣe ló wà níbẹ̀, ehoro àti ìjàpá sì wà lára wọn. Ẹnu àwọn ẹranko náà ni omi ti ń tú jáde, àfi bíi pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Lẹ́yìn tí Louis Kẹrìndínlógún jọba ní 1774 ni wọ́n pa ọgbà yìí rẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ Sébastien Le Clerc, tó ti fín àwọn orísun omi náà sórí bàbà fún ìwé tó jáde ní 1677, la fi mọ bí wọ́n ṣe rí.

Iṣẹ́ ọ̀hún gba sùúrù. Wọn á fi ìda kun bàbà pẹlẹbẹ, wọn á fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sínú ìda náà, wọn á wá da ásíìdì sí i kó lè jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá. Tí wọ́n bá fi yíǹkì kùn ún, wọn á nu ojú rẹ̀ kó lè ku ti inú ilà nìkan, kí wọ́n tó tẹ ìwé tútù mọ́ ọn. Ọ̀tún bàbà á di òsì ìwé, nítorí náà òdì ni afínbàbà gbọ́dọ̀ ya ọgbà sí.

Colbert, mínísítà Louis Kẹrìnlá, ló ń fowó ìjọba ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ẹ má pè é ní fàájì o, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni: wọ́n ń fi àwọn àwòrán yìí ta àwọn ikọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́rẹ, kí òkìkí ọba lè kàn délé wọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Netherlands méjì, Leonard Knyff tó ń yàwòrán àti Johannes Kip tó ń fín in, gbé ìwé Britannia Illustrata jáde ní 1707. Ńṣe ni wọ́n ya ilé àwọn ọlọ́lá àti ọgbà wọn bí ẹni tó wà lójú òfuurufú, bẹ́ẹ̀ 1783 ni bàlúùnù (balloon) àkọ́kọ́ tó gbé èèyàn tó gbéra. Òṣùwọ̀n ilẹ̀ àti làákàyè ni wọ́n lò. Èmi ò ní gbà wọ́n gbọ́ tán, torí afínbàbà mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n olówó: á ya èèyàn ní bíńtín kí ọgbà lè fẹ̀, á sì ya igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn bí èyí tó ti dàgbà.

Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń tún ọgbà ààfin Het Loo ṣe ní Netherlands, kó lè rí bó ti rí láyé William Kẹta tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n ṣí i fáráàlú ní 1984.