Ta Ló Bọ́ Àwọn Jagunjagun? Eré Ogun Yorùbá àti Òtítọ́ Ìtàn

Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kà sí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, lọ́rùn ní 1874. Sámúẹ́lì Johnson kọ wọ́n sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, èyí tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Ìkíní ni pé Ìyálóde kò bá Ààrẹ lọ sójú ogun. Ìkejì ni pé ní gbogbo àsìkò tí ogun fi wà níta, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí i. Ìkẹta ni pé nígbà tí ogun wálé, kò jáde sẹ́yìn odi láti kí i kú àjàbọ̀. Ìyálóde san owó ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò wọlé. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ẹrú rẹ̀ ti pa á lóru nínú ilé ara rẹ̀, ọmọ tó gbà tọ́ sì wà nídìí ọ̀ràn náà.

Ẹ̀sùn kejì yẹn ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Obìnrin kan kọ̀, kò bọ́ ogun mọ́, olórí ogun sì kà á sí ọ̀tẹ̀. Johnson sọ pé ẹrú tó wà ní àwọn oko Ẹfúnṣetán nìkan tó 2,000. Oúnjẹ ń ti oko wọ̀nyẹn jáde. Ìbọn àti ẹ̀tù ń ti etíkun gba ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní àwìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti là á yé wa tipẹ́ pé ìṣòwò àti ìṣèlú ló wà nísàlẹ̀ ìjà òun àti Látòósà: Ààrẹ ń fẹ́ ogun síwájú sí i, ó sì ti sú ẹni tó ń yá a lówó ogun. Nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tó jáde ní ìwé ní 1970, tó di eré orí ìtàgé àti fíìmù lẹ́yìn náà, ìkà tí kì í jẹ́ kí ẹrú rẹ̀ bímọ ló gba iwájú, májèlé tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé mu ló sì fi parí. Ìṣọ̀lá ní ẹ̀tọ́ sí ohun tó ṣe. Ọ̀gá èdè ni, ìbànújẹ́ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ ló fẹ́ wò, ó sì wò ó dé gbòǹgbò. Àmọ́ ohun tó kù lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa nípa Ẹfúnṣetán lónìí ni ìwà ìkà. Ìwé àwìn ti pòórá. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ eré ogun, ohun tí a sábà máa ń pè ní òtítọ́ ìtàn ni aṣọ, ilà ojú, oríkì, ọfọ̀, àti kí òpó iná má yọ lẹ́yìn ààfin. Gbogbo rẹ̀ dára. Àwọn tó ń ṣe fíìmù wa ti tẹ̀ síwájú gan-an lórí wọn: ẹni tó bá wo *Jagun Jagun* ti 2023, *House of Ga'a* ti 2024, àti *Lísàbí* tí Lateef Adédiméjì ṣe akọni rẹ̀, tí apá kìíní jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, tí ìkejì tẹ̀lé e ní oṣù Kìíní 2025, yóò mọ̀ pé ojú owó àti ojú iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ti ayé fídíò àgbéléwò. Inú mi dùn sí i, mi ò sì fẹ́ fi ìwádìí yìí ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Èrò mi ni pé ibi tí òtítọ́ ogun gbé wà jìn ju ara aṣọ lọ. Ta ló gbin ohun tí àwọn ọmọ ogun jẹ? Ta ló yá wọn lówó? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń jà lé lórí? Àwọn wo ni wọ́n tà nígbà tí ogun parí? Eré tó bá dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ òtítọ́ sí ìtàn, ì báà tiẹ̀ da oṣù àti ọdún rú.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí oúnjẹ lójoojúmọ́ ni ìbéèrè yìí ti kọ́kọ́ yé mi. Ní Ìkòsì, níbi tí a ti ń wo apá kìíní *Lísàbí*, ìyá kan tó ń ta ata ní ọjà Mile 12 bi wá pé, “Gbogbo ọmọ yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà nínú igbó, kí ni wọ́n ń jẹ?” Ìyá yìí mọ ohun tó ń sọ. Tòmátò àti ata láti òkè Ọya ń wọ Mile 12 lóru; bí ọ̀nà bá dí ní ọjọ́ kan, iye owó apẹ̀rẹ̀ yóò ti yí padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó ń jẹun nídìí ọ̀nà kò lè wo ogun kí ó má bèèrè ọ̀nà.

Ó sì jọ mí lójú pé ìtàn Lísàbí gan-an ló dáhùn ìbéèrè rẹ̀ jù. Àgbẹ̀ ni Lísàbí, ọmọ Ìtòkú tó ń gbé ní Ìgbẹ̀ìn, ní ìdá tó kẹ́yìn ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin Ọ̀yọ́, tàn ká gbogbo ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n ń gba èyí tó wù wọ́n lé e. Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú àáró: lónìí wọ́n á ro oko tìrẹ, lọ́la wọ́n á ro tèmi. Ẹni tó bá wo àáró láti òkèèrè kò ní fura. Ọkùnrin ọgọ́rùn-ún tó gbé àdá àti ọkọ́ kọjá ní òwúrọ̀ kò ṣàjèjì sí ìlàrí kankan. Iṣẹ́ oko ni wọ́n ń lọ. Àmọ́ láàárín poro oko ni wọ́n ti kọ́ ara wọn ní ìgbọ́ràn, wọ́n mọ iye ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó lè pa àṣírí mọ́. Nígbà tí Lísàbí sọ ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Olórógun, ó kàn yí iṣẹ́ padà ni. Ẹgbẹ́ ti wà. Johnson ní àwọn ìlàrí tí wọ́n pa lé ní 600. Nígbà tí ogun Ọ̀yọ́ sọdá odò Ògùn wá gbẹ̀san, àwọn Ẹ̀gbá ti mọ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ti mọ ọwọ́ ara wọn.

Nítorí náà, nígbà tí fíìmù yìí fi àgbẹ̀ ṣe akọni, tó sì fi ìṣákọ́lẹ̀ ṣe orísun ìjà, ó fọwọ́ kan òtítọ́ tó ṣe pàtàkì jù. Àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lórí ọdún. Wọn kò fẹnu kò lórí ikú Lísàbí pẹ̀lú: àwọn kan ní àwọn ènìyàn rẹ̀ ló pa á, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ló wọ̀ ní igbó tí àwọn Ẹ̀gbá ṣì ń lọ ní ọdọọdún fún ọdún Lísàbí. Olùṣe fíìmù lè mú èyí tó bá wù ú nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò lè pè é ní onírọ́. Ṣùgbọ́n àáró wà nínú ìtàn tí gbogbo wọn ń sọ. Mo fẹ́ kí kámẹ́rà dúró pẹ́ lórí àáró ju bí ó ti ń dúró lórí idà lọ, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n ọkùnrin náà wà.

Ẹṣin ni ọ̀ràn mìíràn. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹṣin, ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú igbó nítorí eṣinṣin tó ń kó àrùn ràn án. Ìdí nìyẹn tí ogun ẹlẹ́ṣin fi ń borí ní ọ̀dàn, tí ó sì ń kúnlẹ̀ nínú ijù Ẹ̀gbá. Àwọn ẹṣin wọ̀nyí ń ti ilẹ̀ Nupe àti ilẹ̀ Haúsá wá, owó ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Láyé Baṣọ̀run Gáà, tó jẹ gàba lórí Ọ̀yọ́ láti 1754 sí 1774, àti láyé Aláàfin Abíọ́dún tó ṣẹ́gun rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọ̀yábí, Kakaǹfò Àjàṣẹ́, òwò ẹrú ní Àjàṣẹ́ ti etíkun, tí a ń pè ní Porto Novo, ń lágbára sí i. Abíọ́dún fẹ́ràn òwò yẹn púpọ̀. Owó etíkun ń gòkè lọ ra ẹṣin. Nígbà tí a bá rí ìjòyè lórí ẹṣin nínú fíìmù, ẹnì kan wà tí wọ́n tà kí ẹṣin náà lè wà níbẹ̀. Fíìmù wa kò fi ẹni yẹn hàn wá tó. Wọ́n máa ń fi ìwọra Gáà hàn, ikú ọmọ ọba tí wọ́n fi rọ́pò àgbọ̀nrín, àti omijé; ọjà tí gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí a máa fara sin.

Ìbọn pẹ̀lú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣakabùlà ló gba ojú ogun. Ẹni tó ń yìn ín á da ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á fi ọ̀pá kì í, á ki ọta, á fi èérún aṣọ dí i, á tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí òkúta yóò ti ṣáná, kí ó tó gbé e sójú. Bí òjò bá rọ̀, iṣẹ́ parí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń jagun jù fún ìdí yìí. Òjò ni wọ́n fi ń dáko, àní nínú ibùdó ogun pàápàá. Ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ibùdó Ìbàdàn ní Ìgbájọ àti ti Èkìtì Parapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé di ìlú, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ síbẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ẹ̀tù má baà wọlé. Àwọn ọmọ Èkìtì Parapọ̀ tó wà ní Èkó sì ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án 1886, ibùdó kò sì tú pátápátá títí di 1893. Ìyẹn ọdún 16. Ogun tó pẹ́ tó báyìí yẹ kí ó di eré àtìgbàdégbà tí a ó máa wò ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, nítorí bí ó ṣe pẹ́ gan-an ni ìtàn rẹ̀.

Àwọn àjèjì náà ń ṣe eré ogun wa. *The Woman King*, tó jáde ní 2022, sọ ìtàn àwọn obìnrin ológun Dàhòmì ní 1823, Ọ̀yọ́ ló sì fi ṣe ọ̀tá. Òtítọ́ wà níbẹ̀: Dàhòmì san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì já a ní ayé Ọba Gezo. Fíìmù náà kò sì pa òwò ẹrú mọ́ sẹ́nu. Ó sọ ọ́ jáde ju ọ̀pọ̀ fíìmù tiwa lọ, mo sì yìn ín fún un. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó mú Gezo ronú pìwà dà ṣáájú àkókò. Ní oṣù Kẹta 1851, ogun Gezo wá sí Abẹ́òkúta láti kó ènìyàn, àwọn obìnrin náà sì wà lára wọn. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Dàhòmì tún wá ní 1864, wọ́n tún sá. Kétu ni wọn kò jọ̀wọ́ ní tirẹ̀. Ìlú Alákétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Yorùbá àtayébáyé, ṣubú lọ́wọ́ Dàhòmì ní 1886 lẹ́yìn ìkọlù 1883. Wọ́n kó àwọn ará ìlú lọ sí Àbómè, ìlú sì dahoro títí tí àwọn Faransé fi ṣẹ́gun Dàhòmì. Ní Kétu ti Èkó níbí, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, mo rí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń fi àwòrán àwọn jagunjagun wọ̀nyẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ fóònù wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Akin ni àwọn obìnrin náà lóòótọ́. Ohun tí mo ń bèèrè ni eré kan tí yóò jẹ́ kí a wo àwọn akin yìí láti orí odi Kétu.

Ẹnì kan lè ní iṣẹ́ òpìtàn yàtọ̀ sí iṣẹ́ òṣèré, pé Johnson fúnra rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ àti àlùfáà ìjọ, ní ibi tí ó fì sí. Mo gbà. Èmi náà kò ní kí eré di ìwé ẹ̀kọ́. Àmọ́ àbá tí mo mú wá kò fi nǹkan du òṣèré. Ìjà ló tún fún un. Ìyálóde tó kọ̀ tí kò yá olórí ogun lówó mọ́ ní ìjà nínú ju ìyálóde tó kàn burú lọ.

Ogun kan wà nítòsí wa níbí tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ di eré tó gbajúmọ̀. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, nítorí Ìkòròdú ń bá Èkó àti Ìbàdàn ṣòwò tààrà láìgba ọ̀nà tí Ẹ̀gbá ń ṣọ́. Ní òpin oṣù Kẹta, Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọmọ ogun West India àti àwọn ọmọ ogun Haúsá kọjá ọ̀sà, wọ́n ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lu ibùdó, àwọn Ẹ̀gbá sì tú ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Haúsá yẹn jẹ́ ẹrú tó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn tó dó ti ìlú náà jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn àgbẹ̀ tó ṣe àáró pẹ̀lú Lísàbí, ìlàrí kan kò sì sí lọ́rùn wọn mọ́; àwọn ló wá di ẹni tó ń di ọ̀nà oúnjẹ mọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ìkà kan ṣoṣo níbẹ̀ tí a lè dá gbogbo ẹ̀bi lé lórí, ìdí rèé tí ó fi ṣòro láti kọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn, kí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Ìkòròdú, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí àwọn baba wọn jẹ nígbà tí ọ̀nà dí.