Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé ní Abẹ́òkúta

Nígbà tí Ìjọ bá ń ṣe ìrántí àwọn tí wọ́n ṣe làálàá ṣáájú wa, orúkọ àwọn oníwàásù àti àwọn olùkọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ dá. Ó ṣọ̀wọ́n kí á rántí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọwọ́ wọn dúdú fún tàdáwà ní Abẹ́òkúta, àwọn tí Àlùfáà Henry Townsend ti Ẹgbẹ́ C.M.S. kọ́ ní iṣẹ́ ìwé títẹ̀.

Ọdún 1854 ni Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní ìlú náà. Ọgbọ́n tí ó fi kọ́ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí Johann Gutenberg lò ní Mainz, ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí ó tẹ Bíbélì ní nǹkan bí ọdún 1455. Lẹ́tà òjé kọ̀ọ̀kan dá dúró, ojú rẹ̀ sì yí sódì bí ohun tí a rí nínú dígí. Ẹni tí ń to ọ̀rọ̀ yóò máa ṣà wọ́n láti inú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ojú ewé kan yóò fi kún. A ó dè é pinpin, a ó fi tàdáwà kùn ún, a ó tẹ́ bébà lé e, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, a ó dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sí àyè rẹ̀. Iṣẹ́ onísùúrù ni.

Èdè wa tún fi ìṣòro kún un. Àpótí lẹ́tà tí a rọ fún èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Bí àmì ìsàlẹ̀ bá sọnù, ọkọ di oko, ẹ̀ṣẹ̀ tí à ń jẹ́wọ́ á sì fara jọ ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn! Abájọ tí àwọn aṣáájú fi pàdé ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá kọ́kọ́ jáde. Owó ẹyọ 120 ni a ń tà á, èyí tí í ṣe okùn mẹ́ta. Ìròyìn Ìjọ wà nínú rẹ̀, ti ìbí, ti ikú àti ti ọjà òwú pẹ̀lú. Ní ọdún 1860 a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, ìjà ààlà àti ti òwò sì dé láàárín Gómìnà ibẹ̀ àti àwọn Ẹ̀gbá. Ìwé ìròhìn yìí gbèjà àwọn Ẹ̀gbá. Síbẹ̀, nígbà Ìfọ́lé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1867, a lé àwọn òyìnbó oníwàásù jáde, a kó ilé ìsìn, a sì fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá dá àwọn Ẹ̀gbá lẹ́bi pátápátá kò rò ó dáadáa, nítorí ẹ̀rù ilẹ̀ wọn ni ó ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n àdánù náà wúwo. Ìwé ìròhìn náà kò tún jáde mọ́.

Bíbélì pípé ní èdè wa jáde ní ọdún 1884. Ó sì di ọdún 1888, ọdún 21 lẹ́yìn Ìfọ́lé, kí Ìwé Ìròhìn Èkó tó bẹ̀rẹ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì papọ̀.