Iṣẹ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Côte d'Ivoire

Iṣẹ́ ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ará ìlú fi ń sanwó fún ìjọba, tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ tàbí béèrè ìwé láìdé ọ́fíìsì. Ó ṣe pàtàkì fún Zone 4 ní Marcory, ní gúúsù Abidjan, nítorí Plateau ní òdìkejì ọ̀sà ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba wà, afárá méjì péré ni ó sì so gúúsù ìlú mọ́ àríwá títí di oṣù Kejìlá ọdún 2014. Ilé oúnjẹ àti ilé olówó pọ̀ ní Zone 4, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ àti ọmọ ọ̀dọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀gá wọn tó bá di ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Owó ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún jù. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á tò láti san owó lọ́wọ́, owó á sì kó jọ sí ilé ìwé níbi tí olè ti lè jí i kó. Ní 2011, ọdún tí rògbòdìyàn ìdìbò Ààrẹ parí, Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ bá àwọn iléeṣẹ́ fóònù ṣe àdéhùn kí owó náà lè máa gba orí fóònù wọlé. Orange Money, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, ti wà nílùú láti 2008. Ní sáà 2013 sí 2014, nínú akẹ́kọ̀ọ́ bíi mílíọ̀nù 1.5, ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún kò san owó lọ́wọ́ fún ilé ìwé mọ́, orí fóònù sì ni ìdá 94 ti san án. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: òbí á kó owó fún ẹni tó jókòó sí kábíìnì ẹ̀bá títì, wọ́n á tẹ nọ́ńbà ọmọ, ìyẹn matirikúlù, sórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, wọ́n á wá lọ tẹ rìsíìtì jáde ní sáìbà kafé. Fóònù lásán tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì tó fún ìsanwó náà. Ẹni tó wà ní kábíìnì ló gbé ètò náà ró.

Àwọn kan ka ìdá 99 yìí sí ẹ̀rí pé ará ìlú tẹ́wọ́ gba ètò náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti dí ọ̀nà yòókù, iye tó sanwó kò lè sọ iye tí inú wọn dùn sí i, kò sì ka ọmọ tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá.

Àtakò méjì ló wà sí ọ̀rọ̀ pé ẹni tó wà ní kábíìnì ló gbé ètò náà ró. Àkọ́kọ́ ni pé bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti kárí, a ò ní nílò irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. ANSUT, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2012, ló ń mójú tó wáyà íntánẹ́ẹ̀tì bíi 7,000 kìlómítà káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n wáyà kì í ka fọ́ọ̀mù Faransé fúnni: ìyá ọlọ́jà ará Èjìgbò ní Treichville lè fi Yorùbá àti Jùlá nájà láì lè ka ojú ìwé kan. Àtakò kejì wúwo jù ú lọ: ẹni tó ń báni tẹ fọ́ọ̀mù ń rí orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹni, nígbà mìíràn nọ́ńbà àṣírí pàápàá. Òfin 2013-450 ti oṣù Kẹfà ọdún 2013 dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ARTCI, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, ló sì ń ṣọ́ ọ. Lójú wa, ohun tí ewu yìí ń béèrè ni kí ìjọba kọ́ àwọn alágbàṣe níṣẹ́, kí ó mọ̀ wọ́n lórúkọ, kí ó sì fi tábìlì kan sílẹ̀ fún ẹni tí fóònù kò wúlò fún. Denmark tí íntánẹ́ẹ̀tì kún pàápàá, nígbà tí ó sọ lẹ́tà ìjọba orí íntánẹ́ẹ̀tì di dandan ní 2014, yọ̀ǹda kí ẹni tí kò lè lò ó máa gba ti bébà.

Ìwé ìbí náà nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. ONECI, àjọ ìjọba, ni ó ń bójú tó ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ láti 2019. Láàárín oṣù mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ kéde ìbí ọmọ; bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ilé ẹjọ́.