Ihò Márùn-ún Inú Kọ̀ǹpútà IBM

Nínú àwa tí à ń kọ búlọ́ọ̀gì yìí, laptop ẹni mẹ́ta ló ti ń falẹ̀. A gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe pé kí wọ́n bá wa fi kún mẹ́mórì rẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe, òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ motherboard láti ilé-iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú wa wá ìtàn ìgbà tí nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Personal Computer jáde. Bí ẹ bá ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí ihò gbọọrọ márùn-ún tí káàdì ń wọ̀. Láìsí káàdì, kọ̀ǹpútà náà kò lè gbé ọ̀rọ̀ sójú sikirínì, kò sì lè ka floppy disk. Wọn kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́: Apple II ti ọdún 1977 ní ihò mẹ́jọ, nítorí Steve Wozniak kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí Steve Jobs ní méjì ti tó. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré.

Ṣùgbọ́n márùn-ún kì í pẹ́ kún. Káàdì sikirínì gba ọ̀kan, ti floppy gba ọ̀kan. Mẹ́mórì orí motherboard kò ju 64K lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ á tún ki káàdì mìíràn bọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ AST fi ṣe SixPakPlus, tó kó mẹ́mórì, aago àti ojú ìsopọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jọ sórí káàdì kan ṣoṣo.

Àyè nìkan kọ́ ni wàhálà. Bí káàdì bá fẹ́ bá processor sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀nà tó fi ń pè é. Mẹ́jọ ni ọ̀nà ìpè yìí. Aago inú kọ̀ǹpútà àti kíbọ́ọ̀dù ti gba méjì, ó ku mẹ́fà. Bí káàdì méjì bá di ọ̀kan náà mú, iṣẹ́ lè dàrú láìsí àlàyé kankan. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni yóò ka ìwé ìlànà, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àwọn ike kékeré orí káàdì nípò títí ìjà á fi parí. Iná náà tún wà ńbẹ̀: agbára 63.5 wáàtì péré ni wọ́n fún un, kò tó gbé hard disk. Nígbà tí IBM ṣe XT ní 1983, wọ́n sọ ihò di mẹ́jọ, wọ́n sì sọ agbára di 130 wáàtì.

Kí ló wá dé tí àwọn ènìyàn fi fara da gbogbo èyí? Ìdí ni pé IBM tẹ àwòrán bí wọ́n ṣe so ẹ̀rọ náà pọ̀ sínú ìwé, wọ́n sì ń tà á. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe káàdì láìtọrọ àyè. Ilẹ̀kùn yẹn kan náà ni Compaq gbà wọlé ní 1982 pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tó ń gba káàdì IBM. Nígbà tí IBM fẹ́ ti ilẹ̀kùn náà ní 1987, wọ́n gbé ihò tuntun tó ń jẹ́ Micro Channel dé: káàdì àtijọ́ kò wọ̀ ọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ lò ó nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ á sanwó fún wọn. Ní ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ mẹ́sàn-án, tí Compaq ṣíwájú, kó ara wọn jọ, wọ́n kéde EISA, tó ṣì ń gba káàdì àtijọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Micro Channel kò rọ́wọ́ mú.

Lójú tiwa, ihò márùn-ún yẹn ju ihò lọ. Ó fi hàn pé ẹni tó ra ẹ̀rọ ló ni ín, òun ló sì máa sọ ohun tí yóò dà lọ́la. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó laptop tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: ṣé mẹ́mórì rẹ̀ ṣeé fi kún?